Owó Kékeré, Ọkọ̀ Tọ́bò Tòkunbọ̀: Kí Ni Ká Kọ́kọ́ Fọwọ́ Kàn?

Ẹni tó bá gba òpópónà Bajulaiye kọjá ní Ṣómólú ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé á gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kó tó gbọ́ ti mọ́tò. Ṣómólú ni ojúlé àwọn atẹ̀wé ní Èkó: káàdì ìgbéyàwó, pósítà olóṣèlú, kàlẹ́ńdà, ìwé ètò ìsìnkú, àdúgbò yìí ni púpọ̀ nínú wọn ti ń jáde. Tòkunbọ̀ ló pọ̀ jù nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe é. Heidelberg GTO, Kord, ẹ̀rọ Jámánì tó ti sin olówó mìíràn fún ọdún gbọọrọ lókè òkun kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá bá wa. Mo ti dúró rí níbi tí wọ́n ti ń sọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹnikẹ́ni ò sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ mú un sáré sí i. Róólà ni wọ́n tú wò, wọ́n fọ yíǹkì tó ti gbẹ mọ́ ọn lára, wọ́n yẹ ojú ihò ọ́ìlì wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi ọwọ́ yí i títí ó fi yí geere, kí wọ́n tó tan iná sí i.

Bí ọmọ àdúgbò kan náà bá wá ra ọkọ̀ sàlúùnù tòkunbọ̀ tó ní tọ́bò, ọgbọ́n atẹ̀wé yẹn a fò lọ lórí rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ máa ń béèrè ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí la lè ṣe sí i kó fi sáré ju báyìí lọ?" Mo ti gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù rewáyà, mo ti gbọ́ ọ ní Fádéyì níbi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò, ó sì ti ti ẹnu èmi náà jáde rí. Ìdáhùn tí wọ́n ń rí gbà pọ̀, wọn ò sì bára mu. Mo fẹ́ kó gbogbo wọn sójú kan ká yẹ̀ wọ́n wò, nítorí owó tí à ń sọ yìí, owó tí èèyàn fi oṣù mẹ́fà dá nínú èsúsú ni, bó bá sì ti lọ, ó lọ nìyẹn.

Ibi tí mo dúró sí rèé. Tọ́bò tòkunbọ̀ tó bá dé ọ̀dọ̀ wa ti pàdánù lára agbára tí wọ́n fi bí i. Afẹ́fẹ́ ń jò lára họ́ọ̀sì rẹ̀, pùlọ́ọ̀gì rẹ̀ ti jẹ, íńtákúlà rẹ̀, tó ń mú afẹ́fẹ́ tutù kó tó wọ ẹ́ńjìnì, ti dí. Agbára tó wọ́nwó jù lọ tí olówó kékeré lè rà ni èyí tó ti wà nínú ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀ tó sọ nù. Kó wá a rí ná.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí irú ọkọ̀ yìí ṣe di tiwa. Láyé ìgbà tí wọ́n ń to Peugeot ní Kàdúná, tí Volkswagen sì ń to mọ́tò ní Ọ̀jọ́ lójú ọ̀nà Badagry láti 1975, ara tírélà la ti mọ tọ́bò. Ọgbọ́n náà kì í ṣe tuntun: 1905 ni Alfred Büchi, ará Switzerland, gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀, 1962 ni wọ́n ta ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àkọ́kọ́ tó ní i ní Amẹ́ríkà, 1977 sì ni Saab gbé 99 Turbo jáde tó fi hàn pé èèyàn lè máa fi í lọ ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Ohun tó sọ ọ́ di ti gbogbo èèyàn ni òfin lórí èéfín àti epo jíjẹ ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Àwọn tó ń ṣe mọ́tò gé ẹ́ńjìnì kúrú, wọ́n fi tọ́bò dí àlàfo rẹ̀. Sonata 2011 tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà kò ní V6 mọ́, 2.0 tọ́bò ló gba ipò rẹ̀. Accord náà fi V6 sílẹ̀ ní 2018. Bí ọjà Amẹ́ríkà bá sì ti yí, ìdúmọ́tò wa á yí tẹ̀ lé e. Jetta, Passat, Cruze, Fusion, Mercedes C300, Optima: ẹni tó ń wá sàlúùnù tòkunbọ̀ lónìí lè ra tọ́bò láìmọ̀ pé òun rà á.

Iṣẹ́ tó ń ṣe kò ṣòro láti yé ni. Èéfín gbígbóná tó ń jáde láti inú ẹ́ńjìnì ń yí àgbá kékeré kan, àgbá yẹn wà lórí ọ̀pá kan náà pẹ̀lú èkejì tó ń ki afẹ́fẹ́ mọ́lẹ̀ sínú ẹ́ńjìnì. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀, epo lè pọ̀, agbára á pọ̀. Ọ̀pá yẹn ń yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ti àwọn kéékèèké lè kọjá 200,000. Èéfín tó ń gbá a lè gbóná tó 900 lórí ìwọ̀n Celsius. Ohun kan ṣoṣo tí kò jẹ́ kí irin pàdé irin níbẹ̀ ni ọ́ìlì tí kò nípọn ju irun orí lọ. Ẹ jẹ́ ká fi èyí sọ́kàn bí a ṣe ń gbọ́ ìmọ̀ràn oníkálukú.

Ìsọ̀rí kìn-ín-ní ni àwọn tó gbà pé ariwo ni agbára. Kí wọ́n gé sàlẹ́ńsà, kí wọ́n yọ àpótí fílítà tó bá ọkọ̀ wá, kí wọ́n fi fílítà onígbèǹgbẹ́ tó ṣí sílẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Mo mọ adùn tó wà níbẹ̀, ìró tọ́bò bó ṣe ń mí sókè mí sódò dùn létí. Ṣùgbọ́n abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ní Èkó, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìkòròdú Road, bí ààrò ni. Fílítà tó ṣí sílẹ̀ níbẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná ló ń fà. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́, tọ́bò á sì tún mú un gbóná sí i, nítorí afẹ́fẹ́ tí wọ́n bá kì mọ́lẹ̀ máa ń kọjá 100 kó tó dé íńtákúlà. Àwọn mìíràn á ní kí wọ́n fa páìpù náà lọ sí ìsàlẹ̀ nítòsí bọ́ńpà, kó lè rí afẹ́fẹ́ tútù. Ní ìlú tí òjò kì í rọ̀ tó tiwa, ó dára. Lọ́dọ̀ wa, tí àgbàrá lè bo ìdajì táyà lẹ́yìn òjò wákàtí kan, omi ni páìpù yẹn máa fà mu. Omi kò ṣeé kì mọ́lẹ̀ bí afẹ́fẹ́. Bó bá wọ inú sìlíńdà, ọ̀pá písítìnì ló máa tẹ̀, ẹ́ńjìnì tán nìyẹn. Ẹ fi àpótí fílítà tó bá ọkọ̀ wá sílẹ̀ síbi tó wà, kí ẹ ra fílítà tuntun sínú rẹ̀, kí ẹ sì tètè máa pààrọ̀ rẹ̀ lásìkò ọyẹ́.

Ọ̀rọ̀ kátálíìsì, ohun tó ń fọ èéfín ọkọ̀ mọ́, burú jùyẹn lọ, ó sì ń dùn mí. Àwọn kan ń yípo ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì tí wọ́n ń ra kátálíìsì, nítorí platinum, palladium àti rhodium tó wà nínú rẹ̀. Mẹkáníìkì á wá sọ fún olówó ọkọ̀ pé kátálíìsì ni kò jẹ́ kí ọkọ̀ mí, kí wọ́n gé e. Wọ́n á gé e, wọ́n á fi páìpù lásán rọ́pò, owó ńlá á wọ àpò ẹlòmíràn, iná ẹ́ńjìnì á tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, kò sì ní kú mọ́. Bí iná yẹn bá ti di ohun tó ń tàn lójoojúmọ́, ọjọ́ tí àìsàn gidi bá dé, olówó ọkọ̀ ò ní mọ̀. Lóòótọ́ ni kátálíìsì máa ń dí, pàápàá lára ọkọ̀ tó ń jẹ ọ́ìlì. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ohun tó dí i ni ká wá. Ká sì rántí pé ojúlé wa ní Ṣómólú súnmọ́ra, èéfín jẹnẹrétọ̀ nìkan ti tó àwọn ọmọ wa í fà símú.

Ìsọ̀rí kejì ni àwọn olójú: ríìmù ńlá, táyà pẹlẹbẹ, kí ọkọ̀ wálẹ̀ mọ́ ilẹ̀, gíláàsì dúdú. N kò ní pẹ́ lórí èyí. Táyà pẹlẹbẹ àti gálọ́ọ̀pù kì í ṣọ̀rẹ́, ríìmù á tẹ̀ kí oṣù tó parí, gíláàsì dúdú sì ní òfin tirẹ̀ láti 1991 tí ọlọ́pàá kò gbàgbé.

Ìsọ̀rí kẹta ni mo fẹ́ jókòó tì, nítorí àwọn ni ọ̀rọ̀ wọn jinlẹ̀ jù. Wọ́n ní bíréènì-bọ́ọ̀sì ni ká lọ bá ní tààràtà. Ká tún ìṣirò inú rẹ̀ kọ, ìyẹn rimáàpù, kó lè jẹ́ kí tọ́bò kì afẹ́fẹ́ sí i. Wọ́n kò parọ́. Lára ọkọ̀ tó ní tọ́bò, kò sí owó tó ń mú agbára wá kíákíá tó bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnì 2.0 Volkswagen tí agbára rẹ̀ jẹ́ ẹṣin 200 lè gòkè dé nǹkan bí 250 láìfọwọ́ kan irin kankan. Ohun tí wọn kì í sọ ni irú epo tí wọ́n fi dé iye yẹn.

Ìlànà orílẹ̀-èdè wa lórí epo bẹntiróòlù ni pé kí ọ́kíténì rẹ̀ má lọ sílẹ̀ ju 91 ní ìṣirò RON. Ọ́kíténì ni ìwọ̀n bí epo ṣe lè fara da ìkìmọ́lẹ̀ àti ooru láìgbiná fúnra rẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé Amẹ́ríkà kì í fi RON ṣírò. 93 tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń rà fún rimáàpù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 98 ní ìṣirò tiwa. 91 tiwa yìí, 87 ni wọ́n máa pè é lọ́hùn-ún, epo tó rẹlẹ̀ jù ní ilé epo wọn. Nítorí náà, ẹni tó bá rí rimáàpù tí wọ́n kọ 93 sí lára, tó wá rò pé 91 wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibẹ̀, ó ti fi 7 ṣìṣe. Ẹ ṣí ìdérí ojú ihò táǹkì ọkọ̀ yín wò. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Yúróòpù tó ní tọ́bò, 95 ni wọ́n kọ síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan bíréènì-bọ́ọ̀sì rárá.

Bí epo bá gbiná fúnra rẹ̀ báyìí, ìyẹn ni nọ́ọ̀kì. Sẹ́ńsọ̀ kan wà lára ẹ́ńjìnì tó ń tẹ́tí sí i. Bó bá gbọ́ ọ, bíréènì-bọ́ọ̀sì á fa àkókò ìṣẹ́ná sẹ́yìn, agbára á dínkù, èéfín á sì gbóná sí i. Ọkọ̀ tí wọ́n fi rimáàpù epo tó dára sí, tí wọ́n wá ń fi epo wa wà, ìjà ojoojúmọ́ ló wà láàárín sẹ́ńsọ̀ yẹn àti ìṣirò tuntun. Bí sẹ́ńsọ̀ bá borí, owó rimáàpù ṣòfò. Bí kò bá borí, písítìnì á fọ́. Àwọn kan á ní agolo kékeré tí wọ́n ń dà sínú táǹkì á tán an. Ẹ kà á dáadáa: bí wọ́n bá kọ ọ́ sí i lára pé ó ń fi pọ́ìntì 30 kún ọ́kíténì, 3 ni ìtumọ̀ rẹ̀ nínú òwò wọn, kì í ṣe 30. Epo tí a ń rà gan-an kì í sì í ṣe ọ̀kan náà ní gbogbo ọjọ́. Ẹni tó bá wà ní Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022 kò tí ì gbàgbé epo tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀, tí ìjọba fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n kó kúrò lọ́jà lẹ́yìn tó ti wọ ọ̀pọ̀ táǹkì.

Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó mọ rimáàpù ṣe. Ohun tí mo ń sọ ni pé kì í ṣe òun ló kàn.

Kí ló wá kàn? Òun ni ohun tí atẹ̀wé Ṣómólú ń ṣe: kí a wo ẹ̀rọ kí a tó rán an níṣẹ́.

Ẹ̀rọ sìkáànì kékeré tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ Bluetooth kò gbówó lórí, ojú ihò tí wọ́n ń kì í bọ̀ sì wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti 1996. Púpọ̀ nínú wa ò mọ̀ ju pé kí rewáyà fi pa iná ẹ́ńjìnì. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kan wà nínú rẹ̀ tó ju iná yẹn lọ, èyí tó ń sọ iye epo tí bíréènì-bọ́ọ̀sì ń fi kún un tàbí tó ń yọ kúrò kí iná inú ẹ́ńjìnì lè gún régé. Lára ọkọ̀ tó yá, kì í jìnnà sí òdo. Bó bá ti kọjá 10 sókè tàbí sódò, ohun kan ń bẹ níbẹ̀.

Ti ọkọ̀ tèmi jẹ́ 17 nígbà tó dúró sójú kan tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá tẹ tọ́tù dé ìyípo 2,500, ó ń bọ́ sí 4. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ kan ń yọ́ wọlé tí sẹ́ńsọ̀ kò kà. Ẹni tó ta ọkọ̀ náà fún mi ti sọ pé pùlọ́ọ̀gì ni, mẹkáníìkì kan ti ní ká ra tọ́bò òmíràn ní ọjà Ládipọ̀. Mo lọ ra ìdérí páìpù omi, irú èyí tí plọ́ḿbà ń lò, mo lu ihò sí àárín rẹ̀, mo ki fáàfù táyà àlòkù bọ̀ ọ́. Mo yọ họ́ọ̀sì kúrò lẹ́nu àpótí fílítà, mo fi ìdérí yẹn dí ẹnu rẹ̀, mo fi kílíìpù dè é pinpin. Mo ti kọ́kọ́ wakọ̀ lọ bá bàbá fọganáísà tó wà nítòsí wa kí n tó dí i, ká má ṣì mí gbọ́, nítorí ọkọ̀ kò lè ṣiṣẹ́ bí a bá ti dí imú rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ẹ bá mi fa afẹ́fẹ́ sí ibí yìí. Kó má kọjá 10 lórí géèjì."

Bàbá wo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n wo ojú mi. "Ọmọ mi, ẹ́ńjìnì lo fẹ́ géèjì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. A fẹ́ mọ ibi tó ti ń jò."

Ọ̀rọ̀ yẹn yé wọn kíá, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe láti ogójì ọdún náà ni. Àwọn fúnra wọn ló po omi ọṣẹ sínú ike, àwọn ló ń fọ́n ọn láti họ́ọ̀sì dé họ́ọ̀sì. Lábẹ́ íńtákúlà, níbi tí kílíìpù ti dẹ̀, ìfóòfó funfun hó jáde bí ẹni pé wọ́n se ògì. Lẹ́yìn ẹ́ńjìnì, lára họ́ọ̀sì tín-ínrín tó ń gbé èéfín ọ́ìlì padà, òmíràn tún hó, kékeré, tí ń yọ pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́. Bàbá fi ìka tọ́ka sí i, wọ́n ní, "Èyí ló ń mú un." Kílíìpù méjì àti họ́ọ̀sì kan ni mo rà. Nọ́ńbà 17 yẹn di 3. Nígbà tí mo wà á dé Onípáànù lọ́jọ́ kejì, ó ṣe mí bí ẹni pé wọ́n ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnì.

Bí afẹ́fẹ́ ò bá jò mọ́, ọ́ìlì ló kàn, ibí yìí ni mo sì ti ń bẹ̀bẹ̀. Àṣà wa ni láti ra ọ́ìlì tó ki, 20W-50, pé ooru Èkó pọ̀. Ó tọ́ fún Peugeot 504. Fún ẹ́ńjìnì tọ́bò òde òní, ó máa ń pẹ́ kó tó dé orí tọ́bò àti ibi tí ọ́ìlì ti ń ti ṣéènì táímìn, pàápàá ní àárọ̀ tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án. 5W-30 tàbí 5W-40 ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń béèrè, ó wà nínú ìwé ọkọ̀. Kí ẹ sì wá lẹ́tà API SP lára ike rẹ̀, èyí tó jáde ní 2020, tàbí SN Plus ti 2018. Torí irú ẹ́ńjìnì tọ́bò tí ń tú epo tààràtà sínú sìlíńdà ni wọ́n ṣe fi ìdánwò tuntun kún un, nítorí epo inú wọn lè ṣàdédé gbiná bí a bá tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnì ń yí díẹ̀díẹ̀. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní 5,000 kìlómítà. Lẹ́yìn eré, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ lórí ìdúró fún ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó pa á, kí ọ́ìlì tó wà nínú tọ́bò má bàa jóná di èédú. Nígbà tí ẹ bá sì lo ọ́ìlì tán, ẹ gún ike rẹ̀ ní ihò kí ẹ tó jù ú nù. Inú ike òfìfo ni àwọn oníṣòwò ayédèrú ń rọ tiwọn sí.

Omi ńkọ́? Mẹkáníìkì wa fẹ́ràn láti yọ tamosítáàtì jù nù bí ọkọ̀ bá ti gbóná lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ̀ tó bá pàdánù rẹ̀ kì í móoru tó bó ṣe yẹ lójú ọ̀nà, bíréènì-bọ́ọ̀sì á rò pé ó ṣì tutù, á máa tú epo sí i. Ní ìgbà tí epo ṣì jẹ́ nǹkan bí 185 náírà, èèyàn lè má fura. Láti 29 oṣù karùn-ún 2023 tí owó ìrànwọ́ ti lọ, tí jálá kan sì ti kọjá 1,000 náírà ní 2024, kò sí ẹni tí kò ní mọ̀ ọ́n lápò. Ẹ dá tamosítáàtì padà, ẹ da omi ẹ̀rọ tó ti mú ìpẹtà jáde nù, ẹ fi kúláńtì tó bá ọkọ̀ mu sí i, ẹ rí i pé fáànù ń yí. Íńtákúlà àti rédíétọ̀ tó ti mu eruku ọdún mẹ́wàá, omi àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ló máa fọ̀ wọ́n. Èyí kò ju owó ọṣẹ lọ, agbára tó sì ń dá padà ní ọ̀sán ganrínganrín ju ti fílítà onígbèǹgbẹ́ lọ.

Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní àìsàn ìdílé tirẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ní oṣù kẹsàn-án 2015, Hyundai pe nǹkan bí 470,000 Sonata 2011 àti 2012 padà ní Amẹ́ríkà, nítorí ìfọ́ irin tó kù nínú ẹ́ńjìnì láti ilé iṣẹ́, tó lè dí ọ̀nà ọ́ìlì títí ẹ́ńjìnì á fi kú. 2.0 tọ́bò wà nínú wọn. Ford pe púpọ̀ nínú 1.6 EcoBoost padà torí kúláńtì tó ń tán láìfura, tí orí ẹ́ńjìnì á gbóná títí á fi sán. Cruze 1.4, pọ́ńpù omi àti fáàfù èéfín ọ́ìlì. Volkswagen àti Audi 2.0 ti nǹkan bí 2006 sí 2008, irin kékeré tó ń ti pọ́ńpù epo máa ń jẹ títí á fi lù. Àwọn tó tẹ̀ lé e, ohun tó ń fa ṣéènì táímìn le ló ń kú. BMW 2.0 àkọ́kọ́, ike tí ṣéènì ń gba orí rẹ̀ kọjá. Gbogbo àwọn tó ń tú epo tààràtà sínú sìlíńdà, èédú máa ń dì sí ẹnu fáàfù wọn, nítorí epo kì í gba ibẹ̀ kọjá mọ́ láti fọ̀ ọ́. Ẹ kọ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 tó wà lójú gíláàsì iwájú sílẹ̀, kí ẹ lọ wò ó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì àjọ NHTSA ti Amẹ́ríkà. Ọ̀fẹ́ ni, wọ́n á sì sọ fún yín bóyá ìpè kan wà lórí rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò dáhùn kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tó bá mọ àìsàn ìdílé ọkọ̀ rẹ̀ mọ ibi tó yẹ kí owó rẹ̀ kọ́kọ́ lọ. Wọ́n lè ní kí n ṣe ríìmù sí Sonata 2011 tí kò tí ì jẹ́ ìpè yẹn, n kò ní ṣe é.

Lẹ́yìn ìlera, dídúró. Mo mọ̀ pé kò dùn létí bí ọ̀rọ̀ agbára. Ṣùgbọ́n Third Mainland wà lẹ́bàá wa ní Bàrígà, kìlómítà 11.8, ó sì ń pe àwọn ọmọkùnrin lálẹ́. Táyà tòkunbọ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń gbé lọ síbẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lára táyà lẹ́yìn lẹ́tà DOT: 2316 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2016. Rọ́bà tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lè dúdú kó máa dán, kó sì ti gan bí igi. Ẹ ra táyà tuntun mẹ́rin ní ìwọ̀n tó bá ọkọ̀ wá. Ọ́ìlì bíréèkì ń fa omi látinú afẹ́fẹ́, bí omi bá sì ti pọ̀ nínú rẹ̀, á hó lọ́jọ́ tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ léraléra, ẹsẹ̀ yín á wọlẹ̀ lófo. Ẹ da ti àtijọ́ nù, ẹ fi DOT 4 tuntun sí i, ẹ wo páàdì, ẹ wo ṣọ́ọ̀kì. Ọkọ̀ tó dúró dáadáa ń fi ọkàn ẹni balẹ̀ láti sáré.

Bí mo bá ní kí n pín owó náà, ọ̀nà mẹ́wàá ni mo máa pín in sí. Mẹ́rin á lọ sí ìlera: sìkáànì, họ́ọ̀sì, ọ́ìlì, fílítà, pùlọ́ọ̀gì ojúlówó tí wọ́n fi ẹnu rẹ̀ súnmọ́ra tó bí ìwé ọkọ̀ ṣe wí, kúláńtì, àti ọ́ìlì gíà, tí ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ kò rí pààrọ̀ rí. Mẹ́ta fún táyà àti bíréèkì. Ọ̀kan fún àìsàn ìdílé ọkọ̀ yín, bó bá jẹ́ èyí tí owó kékeré ká. Méjì tó kù, ẹ má fọwọ́ kàn án fún oṣù mẹ́ta. Tọ́bò tòkunbọ̀ kì í ṣàìní ohun kan láti sọ láàárín àkókò yẹn. Àwọn kan á bá mi jiyàn pé bí ohun tó máa bàjẹ́ bá máa bàjẹ́, kí rimáàpù tètè fi hàn. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ní owó ẹ́ńjìnì kejì nílẹ̀ nìyẹn. Gíà tó ti gbó tó bá pàdé agbára tuntun kì í fi ohunkóhun hàn, ńṣe ló máa ń yọ̀ títí á fi kú.

Oṣù mẹ́ta tèmi ń parí lọ. Mo ń kọ nọ́ńbà sìkáànì sínú ìwé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kọ̀ọ̀kan, 3, 2, 4, 3, kò tí ì kọjá 5. Ọ́ìlì kò dínkù lórí ọ̀pá ìwọ̀n. Bí mo bá lọ bá oní-rimáàpù, ìbéèrè mẹ́ta ni mo mú dání. Ṣé ó máa fi ìṣirò tó bá ọkọ̀ mi wá pamọ́ fún mi kó tó kọ tuntun? Ṣé ó máa jókòó tì mí nínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà, kó ka bí sẹ́ńsọ̀ nọ́ọ̀kì ṣe ń sọ̀rọ̀ kó tó gba owó rẹ̀? Epo wo ni ó sì kọ ìṣirò náà fún? Bó bá dáhùn pé 91 tí à ń rà nílé epo Bajulaiye ni, a jọ máa ṣiṣẹ́. Bó bá ní epo ò ju epo lọ, màá gba kọ́kọ́rọ́ mi lọ́wọ́ rẹ̀.